Ìdádúró ni tàbí Ìdúrótiṣẹ́? Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Bí Nọ́ọ̀sì Ṣe Ń Pẹ́ ní Ẹ̀ka Ìgbẹ́mìíró

Bí akọ̀ròyìn rédíò bá sọ pé "ìjọba fẹ́ dá àwọn nọ́ọ̀sì dúró," ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn olùgbọ́ rẹ̀ yóò gbọ́. Àwọn kan yóò rò pé ìjọba kò fẹ́ kí àwọn nọ́ọ̀sì lọ. Àwọn mìíràn, tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n pọ̀ jù, yóò rò pé ìjọba ti bínú sí wọn, ó sì ní kí wọ́n lọ jókòó sílé láìgba owó. Ìtumọ̀ kejì yìí ni "dá dúró" ní lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tí wọ́n bá dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ ti rí ìjà ọ̀gá. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan náà ṣe di idà olójú méjì: ó ń sọ pé kí ènìyàn má lọ, ó sì ń sọ pé kí ó máa lọ.

Kì í ṣe àròsọ ni ọ̀rọ̀ yìí. Ní 30 oṣù Keje ọdún 2025, ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ tí ó yẹ kí ó gba ọjọ́ 7. Nígbà tí ó di 2 oṣù Kẹjọ, lẹ́yìn ìpàdé pẹ̀lú Mínísítà fún ètò ìlera, wọ́n so ó rọ̀. Akọ̀ròyìn tí kò bá ṣọ́ra lè sọ nínú ìròyìn kan ṣoṣo pé wọ́n ti dá ìyanṣẹ́lódì dúró, pé ìjọba ń wá ọ̀nà láti dá àwọn nọ́ọ̀sì dúró, àti pé kò sí nọ́ọ̀sì tí wọn yóò dá dúró nítorí pé ó kópa. Gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó tọ̀nà nínú gírámà. Ẹni tí ó ní aláìsàn ní ọsibítù lọ́jọ́ náà ni yóò mọ bí ó ti ṣòro tó láti lóye wọn.

Èrò tí a ń wá orúkọ fún ni pé kí òṣìṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà. Ẹ̀ka kan ṣoṣo nínú ọsibítù ni àyẹ̀wò yìí gbájú mọ́, nítorí níbẹ̀ ni àìpẹ́ òṣìṣẹ́ ti ń pa ènìyàn kíá jù lọ.

Orúkọ ẹ̀ka náà

Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ilé tí a sì gbọ́dọ̀ wò nínú ọ̀rọ̀ yìí wà ní ìlú Copenhagen ní ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì. Ní ọdún 1952, àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ jà níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ aláìsàn kò lè mí fúnra wọn mọ́. Bjørn Ibsen, dókítà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ oògùn akunilóorun, dábàá pé kí wọ́n la ihò sí ọ̀nà èémí aláìsàn ní ọrùn, kí wọ́n ti ọ̀pá bọ̀ ọ́, kí ènìyàn kan sì máa fi ọwọ́ fún àpò afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn bí 1,500 ni ó pín ara wọn sí ọ̀wọ́, tí wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn tọ̀sán-tòru. Ikú dín kù gidigidi. Ní ìparí ọdún 1953, Ibsen ṣí ẹ̀ka tí ọ̀pọ̀ òpìtàn ìṣègùn kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ayé.

Ohun tí ìtàn yìí fi hàn ni pé kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó bí ẹ̀ka náà. Ọwọ́ ènìyàn ni. Ẹ̀rọ tí ń bá aláìsàn mí, tí "ẹ̀rọ abánimí" bá a mu, wá gba àpò náà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n kò gba ojú tí ń ṣọ́ aláìsàn. Ibi tí iná mànàmáná bá sì ti lọ, tí jẹnẹrétọ̀ kò tètè dáhùn, àpò náà ni nọ́ọ̀sì tún ń gbé. Láti ìparí ọdún 2024 sí oṣù Kejì ọdún 2025, ó lé ní 100 ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ iná fi gé iná Ilé Ìwòsàn Yunifásítì Ìbàdàn nítorí gbèsè, nítorí náà kì í ṣe ìtàn Dẹ́ńmáàkì nìkan ni à ń sọ.

Irú orúkọ wo ni ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ lẹ́nu wa? Èyí tí a máa ń gbọ́ jù ni "yàrá ìtọ́jú pàjáwìrì." Àṣìṣe ni. Pàjáwìrì ni ohun tí ó dé láìròtẹ́lẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ọsibítù ni wọ́n ti ń gba aláìsàn pàjáwìrì, ibi tí wọ́n ń gbé ẹni tí ọkọ̀ kọlù wọ̀. Ẹni tí ó wà ní ẹ̀ka tí à ń sọ yìí lè ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. "Ìtọ́jú àkànṣe" náà kò kún ojú òṣùwọ̀n, nítorí aboyún, arúgbó àti ọmọ-ọwọ́ náà ń gba ìtọ́jú àkànṣe. Àwọn aláwàdà a sì máa pè é ní yàrá "ẹsẹ̀ kan ayé, ẹsẹ̀ kan ọ̀run." Kò sí àpèjúwe tí ó gún régé tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò kọ ọ́ sí ara ògiri kí ìyá aláìsàn máa kà á.

"Ìgbẹ́mìíró" ni ó yẹ kí a gbà. Láti inú "gbé ẹ̀mí ró" ni ó ti wá, bí ènìyàn ṣe ń gbé ohun tí ó fẹ́ ṣubú ró. Ó sọ iṣẹ́ náà gan-an: ẹ̀ka yìí kì í wo àrùn sàn lọ títí, ẹ̀mí ni ó ń gbé ró kí ara lè rí àyè wo ara rẹ̀ sàn. Ṣùgbọ́n ewu kan wà tí àwọn olùkọ́ gbọ́dọ̀ tẹnu mọ́. "Gbé ẹ̀mí" di "gbẹ́mìí," bí "rí ìgbá" ṣe ń di "rígbàá." "Gba ẹ̀mí" ní tirẹ̀ di "gbẹ̀mí," èyí tí í ṣe kí a pa ènìyàn. Bí akọ̀wé bá kọ ọ́ láìfi àmì ohùn sí i, kò sí ohun tí yóò sọ fún òǹkàwé tí ojú rẹ̀ bá ti kọ́kọ́ bọ́ sí ìdajì ọ̀rọ̀ náà bóyá ibi tí wọ́n ti ń gbé ẹ̀mí ró ni ó wọ̀ tàbí ibi tí wọ́n ti ń gbà á. Àwọn tí ń sọ pé àmì ohùn kò ṣe pàtàkì nínú ìwé àwọn tí kì í ṣe onímọ̀ èdè kò tíì ronú kan ẹnu ọ̀nà ọsibítù.

Iṣẹ́ tí kò ṣeé fi ènìyàn pààrọ̀ ènìyàn

Ní ọdún 1975 ni wọ́n dá àkójọpọ̀ ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí yunifásítì náà gba orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọdún 1987, ilé ìwòsàn náà bá a jẹ́ orúkọ tuntun. Ọ̀rọ̀ "àkójọpọ̀" inú orúkọ rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́: ó kan Ilé-Ifẹ̀, ó kan Wesley Guild ní Iléṣà, ó sì kan Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí David Morley ti ṣe iṣẹ́ ní àwọn ọdún 1950 lórí ìtọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 àti lórí káàdì tí a fi ń wo bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Nínú ètò Ìmẹ̀sí, ọ̀pọ̀ ohun tí a kà sí iṣẹ́ dókítà ni ó bọ́ sọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó sì yọrí sí rere. Agbègbè yìí ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ pé nọ́ọ̀sì kì í ṣe ẹni tí ń gbé àwo oògùn tẹ̀lé dókítà.

Ní ẹ̀ka ìgbẹ́mìíró, òtítọ́ yìí hàn jù. Ìlànà àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí nọ́ọ̀sì 1 wà fún aláìsàn 1 tí ẹ̀rọ ń bá mí, kí nọ́ọ̀sì 1 sì má ṣe ní ju aláìsàn 2 lọ bí àìsàn wọn kò bá le tó bẹ́ẹ̀. Òfin ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1999 tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2004, kò gbà kí nọ́ọ̀sì ẹ̀ka náà ní ju aláìsàn 2 lọ. Kí ni ó fà á? Nọ́ọ̀sì ni ó wà níbẹ̀ ní agogo mẹ́ta òru nígbà tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Òun ni ó ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ inú ọ̀pá kí ó má baà dí, tí ó ń yí aláìsàn kí ara rẹ̀ má baà di egbò, tí ó ń wọn ìtọ̀ ní wákàtí-wákàtí, tí ó sì ń mọ̀ láti inú ìró ẹ̀rọ pé nǹkan ti yí padà kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ tó pariwo.

Ìmọ̀ ìkẹyìn yìí kò sí nínú ìwé. Patricia Benner, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ní ọdún 1984 pé ipele márùn-ún ni nọ́ọ̀sì ń là kọjá. Yorùbá ní orúkọ fún wọn láìjẹ́ pé a yá ohunkóhun: ọ̀gbẹ̀rì, ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́, amọṣẹ́, ọ̀jáfáfá àti àgbà ọ̀jẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí Benner ti wí, ẹni tí ó ti wà nínú irú iṣẹ́ kan náà fún ọdún 2 sí 3 ni ó ń di amọṣẹ́. Àgbà ọ̀jẹ̀ ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí àgbà ọ̀jẹ̀ kan bá lọ, wọ́n lè gba ènìyàn sí ipò rẹ̀ láàárín oṣù kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìmọ̀ rẹ̀ ni wọ́n gbà. Àwọn amọṣẹ́ tí ó kù ni yóò máa tọ́jú aláìsàn, tí wọn yóò sì tún máa kọ́ ọ̀gbẹ̀rì tuntun, èyí tí yóò mú kí àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀nà.

Àárẹ̀, agara àti ọgbẹ́ ẹ̀rí-ọkàn

Àwọn olùtumọ̀ tí ó bá ìwé àwọn nọ́ọ̀sì pàdé yóò rí ọ̀rọ̀ kan tí Herbert Freudenberger kọ́kọ́ lò fún òṣìṣẹ́ ní ọdún 1974, tí Christina Maslach àti Susan Jackson sì ṣe òṣùwọ̀n fún ní ọdún 1981. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwòrán iná tí ó jó tán ni ó wà nínú rẹ̀, àwọn kan sì ti ń kọ "ìjóná" fún un. Nọ́ọ̀sì tí ó jóná ní èdè Yorùbá ń wá ìtọ́jú fún ara rẹ̀ ni. Yorùbá ti ní "agara" láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àárẹ̀ ni ó ń mú ẹni tí ó ṣiṣẹ́ alẹ́ mọ́jú, oorun sì ń wò ó sàn. Agara kò gbọ́ ti oorun. Ẹni tí agara dá yóò jí lówùúrọ̀ pẹ̀lú agara rẹ̀. Maslach sọ pé ohun mẹ́ta ni ó ń para pọ̀: ọkàn tí ó ti gbẹ, aláìsàn tí ó ti di "bẹ́ẹ̀dì kẹrin" lójú ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀, àti èrò pé iṣẹ́ tí mo ń ṣe kò já mọ́ nǹkan kan. "Agara iṣẹ́" gba gbogbo wọn.

Ọ̀kan wà tí ó jinlẹ̀ ju agara lọ. Andrew Jameton pe àkíyèsí sí i ní ọdún 1984: kí nọ́ọ̀sì mọ ohun tí ó tọ́, kí ipò iṣẹ́ má jẹ̀ẹ́ kí ó ṣe é. Ní orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi owó àpò ara wọn ra oògùn, irú rẹ̀ kò jìnnà. Oògùn wà ní ilé oògùn, owó kò sí lọ́wọ́ ẹbí, nọ́ọ̀sì sì ni ó dúró tì aláìsàn títí ilẹ̀ fi mọ́. "Ìbànújẹ́" kò tó fún èyí. "Ọgbẹ́ ẹ̀rí-ọkàn" ni, nítorí ó ń sàn lójú tí ó sì ń jẹrà nísàlẹ̀.

Ìwádìí ti fi hàn pé iye aláìsàn tí ó wà lọ́rùn nọ́ọ̀sì kan ní ọwọ́ nínú agara. Ní ọdún 2002, Linda Aiken àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ jáde lórí ilé ìwòsàn 168 ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan tí a bá fi kún ẹrù nọ́ọ̀sì, ewu pé ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún yóò kú láàárín ọjọ́ 30 ń fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 pọ̀ sí i, ewu agara nọ́ọ̀sì sì ń fi ìdá 23 nínú 100 pọ̀.

Owó náà wà níbẹ̀, kò sì yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ìjọba Nàìjíríà tú náírà sílẹ̀. Dọ́là kan tí ó tó nǹkan bí 460 náírà ní iye ìjọba ṣáájú ìgbà náà ti kọjá 1,400 kí oṣù Kejì ọdún 2024 tó parí. Nọ́ọ̀sì tí owó oṣù rẹ̀ kò yí padà ti pàdánù nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ bí ó bá fi wé ti òkè òkun, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gé owó rẹ̀. Kí oṣù Kẹta ọdún 2023 tó parí, àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà tí orúkọ wọn wà nínú ìwé àwọn nọ́ọ̀sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti lé ní 10,000. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ìrìn yìí, "jápa," ti wọ inú atúmọ̀-èdè Oxford. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 ni ìròyìn rẹ̀ kàn. Ó yani lẹ́nu pé Yorùbá ni ó fún Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ fún lílọ, tí Yorùbá fúnra rẹ̀ kò tíì ní ọ̀rọ̀ tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ fún àìlọ. "Já" tí ó wà níbẹ̀ sì ń mú ni rántí okùn tí ó já: okùn kì í ṣàdédé já, wọ́n fà á jù ni.

Ta ni ó ń dúró, ta ni ó ń múni dúró?

Ẹ jẹ́ kí a yẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ wò. "Ìdádúró" ti bàjẹ́, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i. "Ìpamọ́" jẹ́ ti ohun ìní. A ń pa aṣọ mọ́, a kì í pa nọ́ọ̀sì mọ́. "Ìdìmú" jẹ́ ti olè. "Ìmúdúró" sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí a mú dúró lè jẹ́ ẹni tí ó ń sá lọ. Àléébù kan náà ni ó wà nínú gbogbo wọn: nọ́ọ̀sì ni ẹni tí a ń ṣe nǹkan sí. Kò ṣe nǹkan kan fúnra rẹ̀.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà lásán. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, Ìgbìmọ̀ tí ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà kéde ìlànà tuntun, tí ó ní yóò bẹ̀rẹ̀ ní 1 oṣù Kẹta, pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 2 ó kéré tán lẹ́yìn ìwé-àṣẹ rẹ̀ kí Ìgbìmọ̀ tó jẹ́rìí rẹ̀ fún àwọn elégbè rẹ̀ ní òkè òkun. Àwọn nọ́ọ̀sì fẹ̀hónú hàn ní Abuja àti ní Èkó. Ìlànà yìí jẹ́ ìdìmú ní tòótọ́, ó sì jọ ètò ẹ̀kọ́ṣẹ́ àwọn télọ̀ àti mẹkáníìkì: ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ yóò sin ọ̀gá fún iye ọdún kan, lẹ́yìn náà ni yóò gba fúrídọ̀ọ̀mù. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọdún 2 yìí wé ìpele Benner, a óò rí i pé ìgbà tí nọ́ọ̀sì ìgbẹ́mìíró ń di amọṣẹ́ gan-an ni ilẹ̀kùn ń ṣí fún un. Ìlànà náà ń tọ́jú ọ̀gbẹ̀rì, ó sì ń yọ̀ǹda amọṣẹ́. Àgbà ọ̀jẹ̀ kò sí nínú ìṣirò rẹ̀ rárá.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ní ọdún 1983, àjọ àwọn àgbà onímọ̀ nọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde. Ìgbà tí nọ́ọ̀sì wọ́n gógó ni, wọn kò sì béèrè ìdí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń lọ. Wọ́n wá àwọn ilé ìwòsàn tí nọ́ọ̀sì wọn kì í lọ. Nínú 163 tí wọ́n yẹ̀ wò, 41 ni ó yege, wọ́n sì pè wọ́n ní òòfà. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ni pé iye nọ́ọ̀sì tó iṣẹ́, olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní ẹnu nínú ìgbìmọ̀ àgbà ọsibítù, dókítà ń gbọ́rọ̀ sí nọ́ọ̀sì lẹ́nu, àyè sì wà fún wọn láti kẹ́kọ̀ọ́ sí i. Òòfà kì í di irin lókùn. Irin ni ó ń lọ bá a.

Ọ̀rọ̀ tí ó bá èrò yìí mu ni "dúró tì." A ń dúró ti aláìsàn, a ń dúró ti ọ̀rẹ́ nínú ìṣòro. Láti inú "dúró ti iṣẹ́" ni "ìdúrótiṣẹ́" ti jáde, nọ́ọ̀sì sì ni ó ni ìṣe inú rẹ̀. Ohun tí ọsibítù tàbí ìjọba ń ṣe kí èyí lè ṣeé ṣe ni "ìmúnidúrótiṣẹ́." Ó gùn, ṣùgbọ́n kò gùn ju "ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò" tí àwọn oníròyìn ń pè lójoojúmọ́. Ẹlòmíràn lè fẹ́ "ìjókòótiṣẹ́," torí pé a ń sọ pé kí ènìyàn jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì ìgbẹ́mìíró kan léèrè bóyá ó rí àyè jókòó lánàá.

Ìlú Ilé-Ifẹ̀ kì í ṣe àlejò nínú irú iṣẹ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1970 ni Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì fún ọmọdé ni wọ́n ṣẹ̀dá nígbà náà. Ọ̀rọ̀ fún ibi iṣẹ́ àwọn àgbàlagbà ni ó kù.

Ìlò kan ṣẹ́kù tí yóò dán ọ̀rọ̀ náà wò, ìyẹn nínú ìṣirò. "Òṣùwọ̀n ìdúrótiṣẹ́" kì í ṣe iye nọ́ọ̀sì tí ó wà ní ẹ̀ka. Iye àwọn tí ó wà níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tí wọ́n ṣì wà níbẹ̀ ní ìparí rẹ̀ ni, tí a fi iye ìbẹ̀rẹ̀ pín, tí a sì sọ di ìdá nínú 100. Ká ní nọ́ọ̀sì 20 wà ní ẹ̀ka kan ní oṣù Kìíní, tí 5 nínú wọn lọ, tí wọ́n sì gba ọ̀gbẹ̀rì 5 kí oṣù Kejìlá tó dé. Òṣùwọ̀n ìdúrótiṣẹ́ ẹ̀ka náà jẹ́ 75. Ìwé tí wọ́n fi ń ka iye òṣìṣẹ́ yóò ṣì kọ 20, bí ẹni pé kò sí ẹnikẹ́ni tí ó lọ.